Àmì Ohùn Kì Í Ṣe Aṣọ, Awọ Ara Ni

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàrin àwa olùkọ́ Yorùbá láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gègé àti yíǹkì, ó sì ti tó àkókò tí a kò gbọdọ̀ fi í sábẹ́ ahọ́n sọ mọ́. Àwọn kan ń wí pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà; bí ẹ̀rọ bá gbé e jù nù, kí a má bínú, nítorí pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí à ń wí. Àwọn kejì kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àmì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè dáàbò bò ó ni pé kí a ya fọ́tò ìwé, kí a sì máa fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Lójú tèmi, apá méjèèjì ni ó ṣìnà, gbòǹgbò kan náà ni àṣìṣe wọn sì ti hù: wọn kò ya ohun tí ó jẹ́ ara ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a fi wọ ọ̀rọ̀ láṣọ.

Kí a kọ́kọ́ là á yé ara wa. Nínú ikùn kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kò sí. Nọ́ńbà ni ó wà níbẹ̀. A jẹ́ 65, B jẹ́ 66, bẹ́ẹ̀ ni títí lọ. Ìwé tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà àwọn lẹ́tà rẹ̀ nìkan ni a tò sílẹ̀, tí a kò fi ohun mìíràn kún un, òun ni mo ń pè ní ọ̀rọ̀ gbẹrẹfu. Bí a bá wá fẹ́ kí lẹ́tà ki, kí ó dagun, kí ó pupa, tàbí kí a fa ìlà sí i nídìí, a óò fi àṣẹ mìíràn lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí ni ọ̀rọ̀ ọlọ́ṣọ̀ọ́. Àṣẹ wọ̀nyí kì í ṣe ara lẹ́tà. Bí ìwé bá kúrò nínú ẹ̀rọ tí ó mọ̀ wọ́n, tí ó bọ́ sínú ẹ̀rọ tí kò mọ̀ wọ́n, wọn a já sílẹ̀, lẹ́tà a sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá ti dúró ní èbúté Àpápá rí yóò tètè mọ ohun tí mo ń wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èbúté náà ní 1921, ẹrù ni iṣẹ́ ibẹ̀. Lónìí, inú kọ̀ǹténà ni púpọ̀ nínú ẹrù náà ń bá wọlé. Bí wọ́n bá já kọ̀ǹténà, tí wọ́n tú u, ọjà a gun ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà tirẹ̀, àpótí irin a sì padà síbi tí ó ti wá. Oníṣòwò tí ó bá kọ orúkọ ọjà rẹ̀ sí ara kọ̀ǹténà nìkan, tí kò kọ ọ́ sí ara páálí tí ó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá tú ẹrù ni yóò mọ̀ pé òun kò kọ nǹkan kan. Ohun tí àwa náà ń ṣe sí èdè wa nìyẹn láti ọdún pípẹ́: ara àpótí ni à ń kọ ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a sọdá sí Ajégúnlẹ̀. Láti Boundary títí dé Olódì-Àpápá, àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké kún ibẹ̀, oníkọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, jẹnẹrétọ̀ kan lẹ́yìnkùlé. Àwọn ni wọ́n ń tẹ ìwé ìkéde òkú, ìwé ètò ìsìn, ìwé ìpè ìgbéyàwó, àti ìbéèrè ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́. N kò bá wọn jà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọmọ Yorùbá rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe ẹ àti ọ. Wọn a tẹ o lásán, wọn a wá fa ìlà sí i nídìí. Lórí bébà, ojú a rí i bí ẹni pé ọ ni. Nínú ikùn ẹ̀rọ, o ṣì ni. Bí a bá da irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí inú ìwé mìíràn tí kò gba ọ̀ṣọ́, ìlà a bọ́, ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ a sì di oko. Àwọn mìíràn tún lo irú lẹ́tà àdáṣe tí ó gbòde ní nǹkan bí 1990 sí 2000, èyí tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà àmì mìíràn ni ó wà nínú rẹ̀, tí a kàn ya àwòrán lẹ́tà Yorùbá lé e lórí. Gbé ìwé náà dé orí ẹ̀rọ tí kò ní irú lẹ́tà yẹn, kí o wo bí ìran yóò ti rí: àmì owó, àmì ìbéèrè, ilé kékeré onígun mẹ́rin. Ogún ọdún iṣẹ́ àwọn olùkọ́ wa kan ti run báyìí.

Ìbéèrè ìdánwò kan gba irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ dé iwájú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Àyọkà ni, nípa ọkùnrin méjì tí wọ́n jà ní ìdí ọkọ̀. A bi àwọn ọmọ pé kí ni èkíní fi lu èkejì, a sì fún wọn ní ìdáhùn mẹ́rin láti mú ọ̀kan: igi, ẹsẹ̀, ẹ̀ṣẹ́, òkúta. Ìgbà tí ìwé yóò fi ti ọwọ́ atẹ̀wé dé, ohun tí ó wà níwájú ọmọ ni: A igi, B ese, D ese, E okuta. Àyọkà náà kò ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ese ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé àtòjọ ìdáhùn ní D. Ọmọ tí ó mú B gba òdo. Kí àwọn tí ń wí pé ọ̀ṣọ́ ni àmì ohùn dìde, kí wọ́n sọ fún ọmọ yẹn ohun tí ó ṣe tí kò dára. Bí a bá sì wá rántí pé ẹsẹ ìwé mímọ́ àti ẹ̀ṣẹ̀ tí à ń tọrọ ìdáríjì fún náà wà lábẹ́ ese kan náà, a ó rí i pé ìwé ètò ìsìn wa nílò àánú Ọlọ́run ju bí a ti rò lọ.

Ọ̀gangan ipò yóò sọ ìtumọ̀, ni wọ́n ń wí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìdáhùn méjì fún wọn. Èkíní jẹ mọ́ ètò àkọtọ́ wa fúnra rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní, àti pé ohùn àárín ni a kì í fi àmì sí. Àìsí àmì, àmì ni. Nígbà náà, ìwé tí a kò fi àmì sí kì í ṣe ìwé tí ó dákẹ́, tí ó ní kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ yan èyí tí ó wù ú. Ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń purọ́: ó ń wí pé ohùn àárín ni gbogbo sílébù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń sọ irú Yorùbá bẹ́ẹ̀ láyé yìí.

Èkejì ni ó dùn mí jù. Ọ̀gangan ipò ń sọ ìtumọ̀ fún ẹni tí ó ti gbọ́ èdè náà tẹ́lẹ̀. Ta ni ó wà ní Ajégúnlẹ̀? Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ìjọ́ wà níbẹ̀, Urhobo, Ìgbò, Haúsá àti Ègùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ ń gbọ́ èdè kan lẹ́nu ìyá, ó ń gbọ́ Píjìn lójú títì, ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó jáde ní 1977 fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀kan nínú èdè ńlá mẹ́ta ilẹ̀ wa, yàtọ̀ sí èdè tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ dáradára ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Urhobo tí ó jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ Tolu tí ó ń kọ́ Yorùbá, inú ìwé ni ó ti ń kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Etí rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi dí àlàfo tí ìwé fi sílẹ̀. Bí ìwé bá wí pé ese, ese ni ó mọ̀. Àwa tí a mu Yorùbá pọ̀ mọ́ ọmú ìyá ni a ń wí pé kò sí ewu, ọmọ ẹlòmíràn sì ni ewu ń pa.

Kì í ṣe òní ni ẹ̀rọ ti ń bá wa fa ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà tí àwọn oníjọ jókòó ìpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó ní 1875, ẹ, ọ àti ṣ wà lára ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ti gbé irú àmì abẹ́ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ṣáájú nínú ètò lẹ́tà tirẹ̀ ní 1855. Ara lẹ́tà ni wọ́n kà á sí. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìpàdé náà, ní 1886, okùn wáyà abẹ́ òkun dé Èkó, wáyà kò sì mọ àmì wa. OKO DE: ta ni yóò sọ bóyá ọkọ ìyàwó ni ó dé ni, tàbí ọkọ̀ ojú omi? Lẹ́yìn náà ni táìpùráítà dé. Ó kéré tán, atẹ̀wé ìgbà náà lè padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, kí ó tẹ àmì sí abẹ́ o tí ó ti tẹ̀. Bébà kì í gbàgbé ohun tí a bá gbá mọ́ ọn lára. Àṣà yẹn ni àwọn atẹ̀wé gbé dé orí kọ̀ǹpútà láìmọ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe bébà. Ètò nọ́ńbà lẹ́tà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ní 1963, tí à ń pè ní ASCII, àyè 128 péré ni ó ní, kò sì sí ìjókòó kankan níbẹ̀ fún wa.

Ọ̀rọ̀ fóònù yẹ fún àkíyèsí ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣà àìfàmìsí ti di bárakú. Ní 2001 tí fóònù GSM dé Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160. Àwọn èdè Yúróòpù ni wọ́n fi wọn tábìlì lẹ́tà rẹ̀. Ẹ wá wo ohun ìyanu: à, è, ì, ò àti ù wà nínú tábìlì náà, é sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ “kò” kò jẹ gbèsè; ẹni tí ó bá kọ “kó”, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ni yóò yí sí ètò mìíràn tí kò gbà ju lẹ́tà 70 lọ. Àmì ohùn òkè kan ṣoṣo gé ọ̀rọ̀ ènìyàn sí ìdajì, owó sì di ìlọ́po. Èmi kò dá ẹni tí ó yọ àmì kúrò nígbà náà lẹ́bi. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí ó ní owó ìpè kékeré lọ́wọ́ kò lè fi í ṣe ẹ̀kọ́ fónẹ́tíìkì. Ṣùgbọ́n lónìí, orí WhatsApp àti irú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti ń kọ̀wé síra wa; kò sí ẹni tí ń ka lẹ́tà sí wa lọ́rùn níbẹ̀. Ìdí tí a fi bẹ̀rẹ̀ àṣà náà ti kú, a sì tún gbé òkú rẹ̀ lé èjìká kiri.

Àyè ti wà fún wa láti ìgbà pípẹ́. Ètò Unicode tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1991 ni ó fẹ́ fi nọ́ńbà tirẹ̀ fún gbogbo lẹ́tà ayé, ní 1993 sì ni ẹ àti ọ wọ inú rẹ̀, wọ́n bá èdè Vietnam rìn wọlé. ẹ jẹ́ 7865. Àmì ohùn òkè jẹ́ 769. Bí a bá tò wọ́n tẹ̀ léra, wọ́n di ẹ́, ọ̀rọ̀ gbẹrẹfu sì ni méjèèjì. Wọ́n lè gba inú àtẹ̀jíṣẹ́, inú ìwé, inú orúkọ fáìlì kọjá láìjá sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa kan ń bínú pé kí ni ó dé tí a kò fi nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ bí a ti fún é. N kò rí ohun ìbínú níbẹ̀. Ẹjẹ́ tí ó bá dé ilé láìfọ́, ẹnikẹ́ni kì í bi í bóyá ẹnì kan ni ó rù ú tàbí ẹni méjì. Ohun tí ó yẹ kí ó bí wa nínú ni pé àwa fúnra wa kò fẹnu kò. Àwọn kan ń fi kíún sí abẹ́ lẹ́tà, èyí jẹ́ 803. Àwọn kan ń fi igi kékeré tí ó dúró ṣánṣán sí i, èyí jẹ́ 809. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá “ọba” nínú ìwé tí ẹni onígi tẹ̀, ẹ̀rọ yóò wí fún un pé ọba kankan kò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ni ó yẹ kí ó pàṣẹ, kíún ni kí a sì mú.

Èyí rán mi létí nǹkan kan. Àwọn tí ń kọ Oshodi àti Shola, tí à ń bú pé wọn kò mọ àkọtọ́, sh tiwọn kò bọ́ lára ọ̀rọ̀ rí. Lẹ́tà ni wọ́n fi rọ́pò lẹ́tà. N kò ní kí a padà sí i, ṣùgbọ́n ó sàn ju s tí a fa ìlà sí nídìí lọ.

Mo ti pẹ́ lórí àmì; ó ku ìlà. Nínú ìwé ìtàn, ibi tí ìlà parí sí kò kan òǹkọ̀wé. Bí bébà bá fẹ̀, ìlà a gùn. Bí fóònù bá tín-ín-rín, ìlà a kúrú. Ìtàn kò yí padà. Ewì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà ìwé ìtàn dà bí tìróò tí a lé sójú, omi lè wẹ̀ ẹ́ kúrò láàárọ̀. Ìlà ewì dà bí ìlà ojú: abẹ ni a fi bù ú, òun ni a fi ń mọ ẹni tí ó ni ọmọ. Ẹ wo gbólóhùn tí mo ṣe yìí: “Ọkọ̀ dé lánàá ẹrù kò tíì jáde.” Bí mo bá gé e lẹ́yìn “lánàá”, àná ni ọkọ̀ dé, títí di ìsinsìnyí ẹrù wà nínú rẹ̀. Bí mo bá gé e lẹ́yìn “dé”, ọkọ̀ ti dé, àná ni ẹrù kò tíì jáde, a kò mọ ti òní. Òṣìṣẹ́ Àpápá mọ iye owó tí ó wà láàrin méjèèjì.

Ẹnì kan lè takò mí pé ewì alohùn kò ní ìlà lẹ́nu apohùn, pé ẹni tí ó dà á kọ ni ó gé e, àti pé ìlà rẹ̀ kò lè ju aṣọ lọ. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ibi tí ìlà ìjálá tàbí ẹsẹ ifá ń parí sí; ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá ti jáde láti 1966, a sì ṣì ń jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dà á kọ gbọ́ nǹkan kí ó tó gé e. Ó gbọ́ èémí, ó gbọ́ ìsinmi, ó gbọ́ ibi tí gbólóhùn kan ti ń dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Ìlà rẹ̀ ni ẹ̀rí ohun tí ó gbọ́. Bí ẹ̀rọ bá pa ìlà náà rẹ́, ẹ̀rí ni ó pa rẹ́, kò sì sí ohun tí a ó tún fi jiyàn.

Ẹ̀rọ sì ń pa á rẹ́ lójoojúmọ́. Lórí táìpùráítà, iṣẹ́ méjì ni atẹ̀wé ń ṣe bí agogo bá dún ní etí bébà: yóò ti orí ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, bébà yóò sì gòkè ní ìlà kan. Kọ̀ǹpútà jogún méjèèjì, ó fún èkíní ní nọ́ńbà 13, ó fún èkejì ní 10. Àwọn ẹ̀rọ kan ń lo 10 nìkan, Windows ń lo méjèèjì pọ̀, ọdún 2018 ni Notepad inú Windows tó gbà láti fi 10 nìkan parí ìlà. Ṣáájú ìgbà náà, ewì ogún ìlà tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kejì wá a gùn jàànrànjan bí okùn ìdákọ̀ró, gbogbo rẹ̀ lórí ìlà kan. Àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ lórí táìpùráítà sì ń ṣe òdì kejì rẹ̀ títí di òní: wọ́n ń tẹ Enter ní etí bébà nínú ìwé ìtàn. Rán an sí orí fóònù, ìlà gígùn kan, ìlà kúkúrú kan, títí dé òpin. Ọmọ tí kò bá fura a máa wá àwítúnwí àti ìfohunpènìyàn nínú ìkéde ìpàdé òbí.

Ẹ̀yin aṣèdánwò ni èyí kàn jù. Ìbéèrè wí pé, “Irú ọ̀nà èdè wo ni akéwì lò ní ìlà kẹjọ?” Ọmọ tí ó kọ́ ewì náà lórí fóònù, tí ojú fóònù ti ṣẹ́ ìlà gígùn mẹ́ta sí méjì méjì, ìlà kẹjọ tirẹ̀ kì í ṣe ìlà kẹjọ olùkọ́ rẹ̀. Ẹ máa fi nọ́ńbà sí iwájú ìlà ewì bí ẹ bá ń dà á kọ. Nọ́ńbà kì í bọ́. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ tọ́ka sí ìlà méjì láàrin ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí ó fi igi ìdagun pààlà wọn.

Àwọn onífọ́tò ń retí mi, mo mọ̀. Wọ́n ní fọ́tò ń pa àmì mọ́, ó ń pa ìlà mọ́, kí ni mo tún ń wá? Fọ́tò pa á mọ́ bí pósí ti ń pa òkú mọ́. Ẹ̀rọ kò lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Afọ́jú tí fóònù ń kàwé sétí kò rí nǹkan gbà nínú rẹ̀. Olùkọ́ kò lè mú ìlà mẹ́rin níbẹ̀ sínú ìwé ìbéèrè rẹ̀ àfi kí ó tún un tẹ̀, bí ó bá sì ti ń tún un tẹ̀, ese ti padà dé nìyẹn. Ewì ogún ìlà nínú ọ̀rọ̀ gbẹrẹfu, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kì í ju kílóbáìtì méjì tàbí mẹ́ta lọ. Fọ́tò rẹ̀ lè jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, owó dátà ọmọ ni yóò sì san án.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra ọ̀ṣọ́. Ìwé ìpè ìgbéyàwó onílẹ́tà wúrà ń wù mí, lẹ́tà kíki yẹ àkọlé. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í wọ aṣọ dípò awọ. Ohun èlò kò sì wọ́n wa mọ́. Windows ní ètò bọ́tìnnì Yorùbá, Gboard ní ti fóònù, Túndé Adégbọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn tí Kọ́lá Túbọ̀sún kó jọ sídìí iṣẹ́ orúkọ Yorùbá tí wọ́n ṣí ní 2015 sì fi bọ́tìnnì ìtẹ̀wé sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀sán kan tó láti kọ́ ọ.

Nítorí náà, kí ìdánwò sáà tí ń bọ̀ tó dé, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, ní Ajégúnlẹ̀ tàbí níbòmíràn, gba ìwé ìbéèrè rẹ̀ lọ́wọ́ atẹ̀wé lórí fóònù kí ó tó gbà á lórí bébà. Kí ó da gbogbo rẹ̀ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, kí ó kà á níwájú atẹ̀wé náà, kí ó sì ka iye ìlà ewì inú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́ bá ti di ọ̀kan, kí ó má sanwó. Kí ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀.